Lẹ́tà Tí Mo Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ

Ní gbogbo ọdún tí Bàbá Àgbà fi gbé lọ́dọ̀ wa ní Carrollton, ní Amẹ́ríkà, ariwo ilẹ̀kùn gàráàjì ló máa ń jí mi. Bó bá ti ń han lọ sókè, mo ti mọ̀ pé Mọ́mì ti ti ibi iṣẹ́ dé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì ń ṣe. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kúnlẹ̀ kí Bàbá Àgbà, bàbá ọkọ wọn, tó ti wọ súwẹ́tà lé bùbá jókòó sí kíṣìnì, wọ́n á wá ṣí fíríìjì wo ohun tí a máa jẹ. Ẹ̀rọ ìfọwo kan wà nínú kíṣìnì náà tí ẹni tó kọ́ ilé ti kàn mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò là ń kó sínú rẹ̀. Èmi ni ẹ̀rọ ìfọwo ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bí mo bá ti ń fọ abọ́, Bàbá Àgbà á máa rún búrẹ́dì sínú tíì wọn, wọ́n á máa bi mí ní Yorùbá pé kí ni mo lá lálàá, èmi á máa dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì ní àwọn ò gbọ́. Irọ́ ni. Ògbufọ̀ kóòtù ni wọ́n fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn ṣe ní Ọ̀yọ́. Bí adájọ́ bá sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sọ ọ́ di Yorùbá fún ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́; bí ẹni náà bá fèsì, wọ́n á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwa tí a bí síbẹ̀ lọ, wọn ò kàn fẹ́ kí ahọ́n wa kú ni.

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń sọ, tó jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn títí dòní, ọrùn mi á yí: “Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.” Mo fọ́ bùlẹ́ńdà Mọ́mì lọ́jọ́ kan tí mò ń lọ ẹ̀wà tí a fẹ́ fi dín àkàrà. Mọ́mì ti gbọ́wọ́ sókè, ìgbátí náà ti ń bọ̀, ni Bàbá Àgbà bá sọ gbólóhùn yẹn láti orí àga wọn. Mọ́mì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká, Mọ́mì sọ tẹnu wọn, èmi náà sọ tèmi, àṣé ìdérí rẹ̀ ti sán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Mọ́mì fúnra wọn ló sì já a sílẹ̀. Bàbá Àgbà dá ẹjọ́ náà láìpariwo: kí n nu ilẹ̀, kí Mọ́mì ra òmíràn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn nínú ilé wa, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹran inú ọbẹ̀ tó dín. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí ohun tó ń bí mi nínú títí dòní kò ju pé ẹnì kan ò béèrè.

Lọ́sàn-án Sátidé, bí Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi bá ti gé koríko iwájú ilé tán, tí èmi náà ti ká aṣọ gbígbẹ tán, Bàbá Àgbà á ní ká gbé sinimá àwọn sí i. Ẹyọ kan péré ni wọ́n fẹ́ràn. Káṣẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ kan ni, tí bébà ara rẹ̀ ti ya, tí a ò sì mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Lewisville ni Mọ́mì ti rà á, lára ẹrù tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń pàtẹ sẹ́nu gàráàjì wọn bí wọ́n bá fẹ́ kó kúrò nílé. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan tó wọ fìlà koríko ló tà á fún wọn. Ọjọ́ kan náà, lọ́wọ́ obìnrin kan náà, ni Mọ́mì ra ẹ̀rọ ìṣirò ńlá fún Káyọ̀dé, irú èyí tí wọ́n ń lò ní kíláàsì ìṣirò àwọn àgbà. Inú àpò bébà kan náà ni obìnrin yẹn kó méjèèjì sí. Bàbá Àgbà wà nínú ọkọ̀, wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n sì ń kí obìnrin náà kú ọjà. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ojú wa ló ṣe.

Sinimá náà, ti ọmọ ogun dúdú kan ni, ọ̀kan lára àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń wọ aṣọ búlúù, tí wọ́n ń ṣọ́ aginjù níhìn-ín ní apá ìwọ̀-oòrùn. Sájẹ́ǹtì ni. Ilé koríko ẹṣin jó nínú àgọ́ wọn, wọ́n ní òun ló finá sí i. Ìdajì sinimá náà, inú kóòtù ni: àwọn ọ̀gá ológun funfun jókòó sídìí tábìlì gígùn, wọ́n bọ ìbọ̀wọ́, irunmú wọn gùn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bàbá Àgbà á máa dá káṣẹ́ẹ̀tì dúró, wọ́n á túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ sí Yorùbá fún wa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Ọ̀yọ́, àní wọ́n á dìde dúró túmọ̀ rẹ̀. Ibì kan wà tí ọ̀gá tó ń darí ẹjọ́ sọ fún sájẹ́ǹtì pé bó bá bẹ̀bẹ̀, àwọn á dín ìyà rẹ̀ kù. Ọkùnrin náà dúró ṣánṣán, ó ní òun ò ní nǹkan kan láti bẹ̀bẹ̀ fún. Ibẹ̀ yẹn, Bàbá Àgbà kì í kọjá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Káyọ̀dé, ṣó o rí i? Kò bẹ̀bẹ̀. Ní kóòtù òyìnbó, ẹni tó bá ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣe é nìyẹn. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ó kàn ń fẹ́ kára tu adájọ́.”

“Yes sir,” ni Káyọ̀dé á wí.

“Mi ò gbọ́.”

“Mo rí i, sà.”

Ní ìparí, wọ́n mọ ẹni tó finá sílé koríko, gbogbo àwọn ọ̀gá náà dìde, wọ́n kí sájẹ́ǹtì bí ológun ṣe ń kíra, orin bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọdé á sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí kò wò ó rí. Bàbá Àgbà nìkan ni kì í pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ní nínú gbogbo ọdún tí àwọn fi ṣiṣẹ́ kóòtù, àwọn ò gbọ́ kí orin bẹ̀rẹ̀ rí. Wọ́n á tún ní, ẹ ò rí i pé agbẹjọ́rò funfun tó ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀, wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ sọ ọ́ tán. Mo bínú sí sinimá yẹn báyìí. Ó jẹ́ ká gbàgbọ́ pé bí èèyàn bá ti dúró ṣánṣán, tí kò sì ṣe nǹkan tí wọ́n ní ó ṣe, àwọn tó wà nídìí tábìlì á dìde fún un lọ́jọ́ kan.

Káyọ̀dé ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì ilé ìwé wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn bí ológun, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe sájẹ́ǹtì ni. Ọjọ́ tó gbé àmì sájẹ́ǹtì náà wálé, Mọ́mì ò tíì sùn látìgbà tí wọ́n ti dé, wọ́n sì jókòó fi ọwọ́ ara wọn rán an mọ́ apá aṣọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kó tó wọ̀ ọ́ lọ, Mọ́mì á fi sítáàṣì sí i, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí tí ìlà ṣòkòtò á fi lè gé ẹran. Káyọ̀dé ò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Ọ̀gá kádẹ́ẹ̀tì ti sọ fún un pé bí ìwé rẹ̀ bá mọ́, tí àmì yẹn sì wà lápá rẹ̀ títí tó fi máa jáde, àwọn á kọ̀wé fún un. Ìyẹn ló ń sáré fún, gbogbo wa la sì mọ̀.

Ẹ̀rọ ìṣirò mẹ́ta ló sọnù ní kíláàsì wọn. Olùkọ́ ní kí gbogbo ọmọ gbé tiwọn sórí tábìlì. Káyọ̀dé nìkan ni ọmọ dúdú nínú kíláàsì yẹn, tirẹ̀ nìkan sì ni olùkọ́ gbé, tó yí pa dà. Wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ha bébà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé orúkọ ilé ìwé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó parí. Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo lo ti rà á. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì tẹ Dádì láago.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Dádì jẹ́. Tíṣà ni wọ́n nílé, ní Amẹ́ríkà wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Lewisville, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbé ìlú yìí. Bí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró lórí freeway, kó tó sún mọ́ ọkọ̀ ni “I’m sorry, officer” á ti jáde. Nígbà tí a ṣì ń gbé apartment, mo rí wọn tí wọ́n ti ń tẹ̀ ba fún obìnrin tó ń gba owó ilé, ọmọbìnrin tí kò ju ọmọ wọn lọ, Mọ́mì ló fà wọ́n láṣọ lẹ́yìn. A máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Nílé wa, bí àgbà bá ń bínú, ẹ ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná, kí ara rẹ̀ wálẹ̀, ẹjọ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ò tíì gbà pé òun ṣe nǹkan kan. Ó ń bọ̀wọ̀ fún inú tó ń bí ẹlòmíràn ni. Ohun tí Dádì mọ̀ nìyẹn, wọ́n sì rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti gbé mi ní ilé ìwé tèmi kí a tó yà síbẹ̀, torí náà mo wà lórí àga lẹ́nu ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ ìṣirò. Ó ní àwọn kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Mo gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú etí mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ló yẹ kó bi. Dádì ò sì jẹ́ kó dé ibẹ̀.

“Sir, ma, we are very sorry. Please. He’s a good boy, I don’t know what entered him. We will deal with him at home. Please, forgive him for our sake.”

“Dad, I didn’t...”

“Dákẹ́! Ṣé o ò rí i pé mo ń bá ẹ bẹ̀ wọ́n ni?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọkùnrin náà wá ní, bí Káyọ̀dé bá lè kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, á ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Dádì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Nínú ọkọ̀, mo ń dúró kí Dádì béèrè. Mo mọ ìdáhùn náà, mo mọ obìnrin oní-fìlà koríko. A dé ilé, wọn ò béèrè.

Mọ́mì ti gbé Bàbá Àgbà lọ rí dókítà ojú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Dádì wo aago, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà náà kí wọ́n tó dé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó dé. Wọ́n gbé bébà síwájú Káyọ̀dé. Káyọ̀dé ká apá mọ́ àyà.

“I’m not writing it. I didn’t take anything.”

“Ṣé mo ní o mú nǹkan ni? Mo ní kó o bẹ̀ wọ́n. Kí ló wà nínú ẹ̀bẹ̀?”

“Grandpa said...”

“Bàbá ò mọ ibí yìí! Ọ̀yọ́ ni wọ́n mọ̀. Ṣé o rò pé inú sinimá lo wà ni? Wọ́n á lé ẹ dànù níbẹ̀, ìwọ ń dúró gangan bíi sájẹ́ǹtì.”

“I am a sergeant,” ni Káyọ̀dé wí, ohùn rẹ̀ sì já. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni.

Dádì yíjú sí mi. Ọwọ́ mi lẹ́wà, èmi ni mo máa ń bá Mọ́mì kọ káàdì ọjọ́ ìbí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ń sọ, mo ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: pé inú mi bà jẹ́ gidigidi fún ohun tí mo ṣe, pé mo bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí, pé irú rẹ̀ ò ní wáyé mọ́. Mo dúró níbi “ohun tí mo ṣe.” Mo gbójú sókè wo Dádì, wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ lọ, mo sì kọ ọ́. Mo tiẹ̀ ṣọ́ra kí ìlà náà má wọ́. Káyọ̀dé ò fẹ́ fọwọ́ sí i. Dádì ní bí kò bá fọwọ́ sí i, àwọn fúnra àwọn á gbé aṣọ kádẹ́ẹ̀tì yẹn lọ dá pa dà lọ́la. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Torí kí wọ́n má bàa gba àmì náà lápá rẹ̀ ló ṣe fọwọ́ sí i. Bàbá Àgbà dé pẹ̀lú oògùn ojú, wọ́n ní kí ló dé tí ilé pa lọ́lọ́ báyìí, Dádì ní kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́tà dé láti ilé ìwé. Wọ́n ní níwọ̀n bí Káyọ̀dé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣe é, ìgbìmọ̀ kan máa jókòó láti pinnu bóyá wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwé kejì, ti àwọn ọmọ tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Dádì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró. Ìgbà náà ni Bàbá Àgbà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní kí Mọ́mì bá àwọn wá ẹ̀wù dúdú tí àwọn fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà, tí wọ́n kó wá láti Ọ̀yọ́ láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, tábìlì gígùn inú sinimá náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni mẹ́ta ló jókòó sídìí rẹ̀, gbogbo wọn funfun, omi inú ike wà níwájú kálukú. Obìnrin tó ń darí wọn ní ohùn tútù, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Mo máa ń rántí ẹ̀rín yẹn bí mo bá wà nínú ọkọ̀ láìsí orin. Ó gbé lẹ́tà mi dání. Ó kà á síta. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fi ọwọ́ mi kọ, ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tútù yẹn. Bàbá Àgbà dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kóòtù wọn, Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ẹ̀wù dúdú tirẹ̀ náà. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ògbufọ̀ níwájú àwọn adájọ́, àwọn sì fẹ́ túmọ̀ ohun kan fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́ láàárín wa. Wọ́n ní bàbá ọmọ yìí kò sọ pé ọmọ òun jalè, ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.

“I appreciate that, sir,” ni obìnrin náà wí. “But the letter is in English.”

“Madam, I was in the car when his mother bought that machine. I greeted the woman. I can describe the house.”

“You’re family, sir. I understand.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” Dádì ń fà wọ́n láṣọ, òógùn ti bò wọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má jẹ́ kínú bí wọn.”

Bàbá Àgbà ò tíì jókòó tí obìnrin náà fi yíjú sí Káyọ̀dé. Ó na lẹ́tà náà sí i. Ó ní ṣé ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Bí Káyọ̀dé bá sọ pé rárá, àbúrò mi ló kọ ọ́, bàbá mi ló sọ ohun tó máa kọ, bóyá ẹjọ́ náà á yí pa dà níbẹ̀. Ó wò mí. Èmi wo ìbọ̀sẹ̀ mi. Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, mo sì kọ́ ọ dáadáa, ọmọ rere ni mí, mo pa ẹnu mi mọ́.

“It’s my signature, ma’am,” ni Káyọ̀dé wí.

Ṣé ẹ rí i, kò purọ́. Kò sì fi Dádì sílẹ̀ níwájú wọn, kò fi èmi náà sílẹ̀. Ó dúró ṣánṣán bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kádẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ kọjú sí iwájú. Kò sẹ́ni tó dìde fún un. Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n mu omi, wọ́n ní a máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wọn. Mi ò gbọ́ orin kankan.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé kejì yẹn. Àmì sájẹ́ǹtì lọ, aṣọ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó máa dá a pa dà, Mọ́mì fi sítáàṣì sí aṣọ náà, wọ́n lọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń lọ̀ ọ́, wọ́n ká a sínú báàgì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ fi ń lọ ohun tí ẹ fẹ́ dá pa dà. Wọ́n ní wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ àwọn pẹ̀lú ìdọ̀tí. Nígbà tí ọdún ìwé parí, tí olùkọ́ ìṣirò ń kó lọ sí yàrá mìíràn, wọ́n rí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn àwọn ìwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọmọ kádẹ́ẹ̀tì kan ló sọ fún Káyọ̀dé. Ilé ìwé ò sọ fún wa. Mọ́mì pe ọ́fíìsì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ti parí, ma. Ẹ̀rọ tí Mọ́mì rà ní Lewisville, wọn ò dá a pa dà. Àwọn tó gba ẹ̀bẹ̀ wa kánkán bẹ́ẹ̀, wọn ò rí ẹyọ gbólóhùn kan fi bẹ̀ wá.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìyẹn, Bàbá Àgbà ní kí n má gbé sinimá sí i. Wọ́n ní ká to àga. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí Dádì náà jókòó. Wọ́n wá bi Káyọ̀dé léèrè, ní Yorùbá, ohun tí ẹnì kan ò bi í láti ọjọ́ àkọ́kọ́: “Kí ló ṣẹlẹ̀?” Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá Àgbà ò sọ pé àwọn ò gbọ́. Dádì fẹ́ dá sí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní, “Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.” Ó sọ ọ́ tán. Ó sunkún níbi tí ó ti sọ pé òun rò pé bí òun bá fọwọ́ sí i, aṣọ náà á dúró sọ́wọ́ òun. Wọ́n bi mí, mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá Àgbà wá yíjú sí Dádì, ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn.

“Ìwọ lo ní kí wọ́n kọ ti àkọ́kọ́. Ìwọ náà lo máa kọ èkejì. Kọ ọ́ sí ọmọ ẹ.”

“Bàbá, kí n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ọmọ tí mo bí?”

“Mi ò pè é ní ẹ̀bẹ̀. Mo ní kó o kọ ohun tó o mọ̀.”

Dádì dìde, wọ́n lọ sí gàráàjì, ilẹ̀kùn han lọ sókè, ọkọ̀ jáde. Wọn ò kọ ọ́. Bàbá Àgbà pa dà sí Ọ̀yọ́ kí òtútù tó dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Káyọ̀dé jáde ilé ìwé, kò wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan mọ́ láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe nílé onílé. Ó kọ́lé sí Forney, ó bí ọmọ méjì. Bó bá wá ṣọdún nílé wa, á kí Dádì dáadáa, á dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, á lọ jókòó sí ìpẹ̀kun kejì tábìlì. Kò sẹ́ni tó lè ní ó hùwà àìdáa.

Ọ̀dọ̀ mi ni Dádì ń gbé báyìí, ní Lewisville, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́rù nígbà náà. Mọ́mì ti ṣaláìsí. Ọwọ́ ọ̀tún Dádì ń gbọ̀n. Ṣíbí gan-an, èmi ni mo ń bá wọn dì í mú nígbà mìíràn. Lóṣù tó kọjá, mo ń fọ abọ́ láàárọ̀, wọ́n jókòó sí kíṣìnì, wọ́n ní kí n wá bébà àti bírò. Mo nu ọwọ́, mo mú un wá. Wọ́n ní kí n jókòó, àwọn fẹ́ kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí Káyọ̀dé, pé mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ò dáa mọ́. Mo jókòó. Mo di bírò mú. Mo wo bébà funfun náà, inú sì ń bí mi sí wọn, sí obìnrin olóhùn tútù, sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń ṣọ́ra kí ìlà rẹ̀ má wọ́.

“Dádì, mi ò ní kọ ọ́.”

“Kí ló dé?”

“Mo ti bá yín kọ ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ yín kọ èyí, sà.”

Mo tẹ bírò náà sí wọn lọ́wọ́, mo pa dà sídìí abọ́ mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Odidi àárọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ń gbọ́ bí bírò ṣe ń ha bébà, tó ń dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya méjì dànù. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ká, tí wọ́n ní kí n gbé lọ fún un, mo sì gba ọ̀nà Forney lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Káyọ̀dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ń to irinṣẹ́. Mo na bébà náà sí i. Ó kà á lórí ìdúró. Kò gùn, èmi náà ti rí i: “Káyọ̀dé, o ò mú un. Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà mí.” Lẹ́tà náà wọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ìlà kan tó dúró.

“Who wrote this?” ló bi mí.

“Dádì ni. Fúnra wọn.”

Ó tún kà á. Ó fi àtàǹpàkò tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀, ó sì ti bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ wá wo ojú títì, apá ibi tí Carrollton àti ilé ìwé yẹn wà, ó ní:

“Ọ̀kan dé. Ó ku tàwọn yẹn.”